Ìmòòkùn Onísílíńdà Méjì: Ibi Tí Owó Yín Ti Ń Ṣiṣẹ́ àti Ibi Tí Ó Ti Ń Ṣòfò

Ọjà kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù àwọn amòòkùn ló ń tà á, yálà ní etí Òkun Pupa tàbí ní Caribbean: ẹ ó wọ ọkọ̀ lówùúrọ̀, ẹ ó mòòkùn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú amọ̀nà, sílíńdà afẹ́fẹ́ méjì àti òjé tó ń mú ara rì wà nínú owó náà, ẹ ó sì padà sí èbúté lọ́sàn-án. Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí lánàá àti ẹni tó ti ń mòòkùn láti ogún ọdún ló ń ra ọjà yìí, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n sì jọ ń wọ̀. Òun la fẹ́ yẹ̀ wò.

Ìdájọ́ wa ni pé ó tó owó rẹ̀ bí ṣọ́ọ̀bù bá fara balẹ̀, kò sì tó o rárá bí wọ́n bá ń kánjú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìjìnlẹ̀ tàbí ẹja ńlá díwọ̀n ìmòòkùn tó dára. Àwa ń fi nǹkan mẹ́ta díwọ̀n rẹ̀: kí ẹ lè dúró láàárín omi láìrì, láìléfòó, kí èémí yín máa lọ jẹ́jẹ́, kí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó ṣì kù nínú sílíńdà nígbà tí ẹ bá ń gòkè. Ẹni tó ní mẹ́ta yìí máa ń gbádùn àpáta iyùn tí kò jìn ju mítà 8 lọ. Ẹni tí kò ní wọn á lọ sí mítà 30, yóò sì padà wá láìlè sọ ohun tó rí níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sí ohun tí wọ́n bá bi yín kí wọ́n tó gbowó. Ṣọ́ọ̀bù tó mọṣẹ́ á béèrè ìgbà tí ẹ mòòkùn kẹ́yìn, irú omi tó jẹ́, bóyá ẹ ní ásímà tàbí àrùn ọkàn, bóyá ọ̀fìnkìn ń bá yín jà. Ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn yìí kì í ṣe àṣejù, torí imú tó dí kì í jẹ́ kí etí là nínú omi. Wọ́n á tún wo ìwé ẹ̀rí yín. Open Water ti PADI, àjọ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ìmòòkùn, mú yín dé mítà 18, Advanced mú yín dé 30, a kì í sì í kọjá mítà 40 nínú ìmòòkùn ìgbafẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ mú ẹni tó ní ìwé mítà 18 lọ wo ọkọ̀ tó rì sí mítà 30 nítorí pé amọ̀nà wà níbẹ̀, ẹ ti mọ bí ìyókù iṣẹ́ wọn ṣe máa rí. Ẹni tí kò mòòkùn láti ọdún kan, ibi tí omi ti tòrò tí kò sì jìn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ. Níbẹ̀ ni yóò ti da omi kúrò nínú ìbòjú, tí yóò yọ rẹ́gúlétọ̀, ohun tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ láti inú sílíńdà, lẹ́nu, tí yóò sì dá a padà. Bí wọ́n bá gba owó díẹ̀ fún un, wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Ẹ béèrè iye ènìyàn tí amọ̀nà kan máa ń kó. Mẹ́rin ló dára jù. A lè gba mẹ́fà bí omi bá mọ́, tí gbogbo wọn sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí ó bá ti di mẹ́jọ, amọ̀nà kò lè wo géèjì tó ń fi iye afẹ́fẹ́ tó kù hàn lára gbogbo wọn mọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn á máa sáré torí kó má baà sọnù, ẹni tó bá sì ń sáré kì í pẹ́ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ á fi tán. Bí afẹ́fẹ́ ẹnìkan bá sì ti ń tán, ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa gòkè. Nítorí náà kò sí ẹni tí ẹgbẹ́ kékeré kì í ṣe láǹfààní, títí kan ẹni tó ti dàgbà nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá ní owó kan tí ẹ fẹ́ fi kún un, ẹ fi ra ẹgbẹ́ kékeré kí ẹ tó ronú kan ohunkóhun mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ohun èlò tí wọ́n ń yá yín gba kí a fara balẹ̀. Sílíńdà tó wọ́pọ̀ jù ni ti alumíníọ̀mù, inú rẹ̀ gba nǹkan bíi lítà 11, wọ́n sì ń rọ afẹ́fẹ́ sí i títí dé nǹkan bíi 200 bar (bar la fi ń díwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì). Ẹ wo déètì àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn rẹ̀. Ẹ so rẹ́gúlétọ̀ mọ́ ọn, ẹ yí fáàfù títí tí kò ní í lè yí mọ́, ẹ wá fi rẹ́gúlétọ̀ sẹ́nu, kí ẹ mí lẹ́ẹ̀mẹrin tó jinlẹ̀, kí ojú yín sì wà lára géèjì. Abẹ́rẹ́ géèjì gbọ́dọ̀ dúró gbọin. Bí ó bá ń já wálẹ̀ nígbà tí ẹ mí sínú, tó sì ń padà sókè nígbà tí ẹ mí síta, ó ṣeé ṣe kí fáàfù má tíì ṣí tán, tàbí kí ìdọ̀tí dí ojú ọ̀nà. Lórí ọkọ̀, afẹ́fẹ́ á ṣì máa wá, ẹ ò ní í fura. Ní mítà 20, afẹ́fẹ́ tí ẹ máa fẹ́ nínú èémí kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ojú omi, ibẹ̀ ni yóò ti hàn pé ọ̀nà kò gba iye yẹn kọjá.

Ẹ gbóòórùn afẹ́fẹ́ náà pẹ̀lú. Kò yẹ kó ní òórùn kankan. Bí ó bá ń rùn bí epo tàbí èéfín ẹ́ńjìnnì, ẹ dá sílíńdà yẹn padà, torí ó lè jẹ́ pé ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ afẹ́fẹ́ kọjú sí ibi tí èéfín ti ń jáde. Gáàsì olóró inú èéfín kì í rùn fúnra rẹ̀, òórùn èéfín nìkan ló lè ta yín lólobó. Ẹ mí láti inú rẹ́gúlétọ̀ kejì náà, èyí tí ẹnìkejì yín máa lò bí tirẹ̀ bá tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ tí wọ́n á fi nílò rẹ̀. Ẹ tẹ rọ́bà rẹ́gúlétọ̀ níbi tó ti wọnú irin, kí ẹ wò ó bóyá ó ti sán.

Ti jákẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́, èyí tí ẹ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kí ẹ lè léfòó, ló kàn. Ẹ fẹ́ ẹ títí tí fáàfù ààbò rẹ̀ á fi tú afẹ́fẹ́, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ti rọ̀, ó ń jò. Ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń fẹ́ ẹ, ẹ sì tètè fi í sílẹ̀: ariwo afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ dá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bọ́tìnì tó bá há lè gbé ènìyàn fò dé ojú omi láìdúró, èyí sì wà lára ohun tó léwu jù nínú ìmòòkùn. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń já rọ́bà yẹn kúrò lára jákẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọwọ́ kan, kí ẹ sì ṣe é lórí ọkọ̀ kí ẹ tó wọ omi. Ẹ fi omi rin okùn tó di sílíńdà mú kí ẹ tó fún un, nítorí pé okùn gbígbẹ máa ń dẹ̀ bí ó bá tutù, sílíńdà á wá yọ́ sísàlẹ̀ lẹ́yìn yín.

Ìbòjú ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ ra fún ara yín. Ẹ gbé e lé ojú láìfa okùn rẹ̀ sẹ́yìn orí, ẹ mí sínú díẹ̀ láti imú, kí ẹ sì fọwọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ojú tí kò jábọ́ ló bá yín mu. Irun kan ṣoṣo tó bá wà lábẹ́ etí rọ́bà rẹ̀ tó láti jẹ́ kí omi máa wọlé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà nísàlẹ̀. Kí ó má baà ṣú, ẹ tu itọ́ sí gíláàsì, ẹ fi ìka ra á, kí ẹ sì fi omi ṣàn án wéré. Aṣọ rọ́bà ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fún mọ́ ara; bí àyè bá wà lẹ́yìn ìbàdí, omi tútù á máa wọlé, á máa jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni omi ń gba ooru ara ní ìlọ́po tó ju ogún lọ ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà á.

Òjé ló ń ba ọ̀pọ̀ ìmòòkùn jẹ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń di òjé tó pọ̀ jù mọ́ oníbàárà nídìí, torí ẹni tí òjé rẹ̀ pọ̀ máa ń tètè rì, amọ̀nà kò sì ní í dúró dè é lójú omi. Nísàlẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kílò 3 bá lé, ẹ ní láti fi afẹ́fẹ́ tó tó lítà 3 kún jákẹ́ẹ̀tì kí ẹ má baà rì. Afẹ́fẹ́ yẹn ń fẹ̀ bí ẹ bá gòkè díẹ̀, ó ń sún kì bí ẹ bá sọ̀ díẹ̀, ọwọ́ yín ò sì ní í kúrò lórí bọ́tìnì. Jákẹ́ẹ̀tì ń fa àyà sókè, òjé ń fa ìbàdí wálẹ̀, ẹ ó wá dúró lóòró nínú omi, ẹ ó máa fi bàtà ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ gbá iyanrìn sókè, ẹ ó máa ṣẹ́ iyùn. Ẹsẹ̀ tí kò sinmi ń mú kí èémí yá, afẹ́fẹ́ á sì tètè tán.

Bí a ṣe ń díwọ̀n rẹ̀ nìyí. Ẹ wọ gbogbo ohun èlò, ẹ wọ inú omi tí ẹsẹ̀ yín kò tó ilẹ̀, ẹ fi rẹ́gúlétọ̀ sẹ́nu, kí ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì dànù. Ẹ mí sínú bí ẹ ṣe ń mí lójoojúmọ́, ẹ dá a dúró díẹ̀, ẹ má sì gbá ẹsẹ̀. Ojú omi gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan ojú yín. Bí ẹ bá wá mí síta, kí ẹ rì jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá ti rì kí ẹ tó mí síta, ẹ yọ kílò kan, kí ẹ tún un ṣe. Bí sílíńdà bá kún nígbà tí ẹ ń ṣe èyí, ẹ fi nǹkan bíi kílò 2 kún òjé náà, torí bí afẹ́fẹ́ tí ẹ máa lò ṣe wúwo tó nìyẹn. Sílíńdà alumíníọ̀mù tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo máa ń fẹ́ léfòó, ibi ìdúró mítà 5 lẹ́yìn ìmòòkùn ni yóò sì ti yọ yín lẹ́nu. Ẹ rántí pé omi òkun ń béèrè òjé ju omi adágún lọ, aṣọ rọ́bà onímílímítà 5 sì ń béèrè ju ti mílímítà 3 lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kàn fojú wò yín tó ní kílò 8 ni, ẹ ní kí ẹ díwọ̀n rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, àlàyé amọ̀nà. Ó gbọ́dọ̀ sọ ìjìnlẹ̀ tó ga jù tí ẹ máa dé, iye ìṣẹ́jú, ibi tí omi ń fà sí, ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọlé àti èyí tí ẹ máa gbà jáde, iye bar tí ẹ máa fi ọwọ́ sọ fún un, àti iye tí gbogbo yín máa fi gòkè. Àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹ sọ fún un ní 100, kí ẹ sì padà dé ojú omi pẹ̀lú 50. Ó tún gbọ́dọ̀ sọ pé bí ẹ bá pàdánù ẹnìkejì yín, ẹ wá a fún ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ gòkè, kí ẹ pàdé lójú omi. Kí ó tún àwọn àmì ọwọ́ kà: àtàǹpàkò sókè túmọ̀ sí ẹ jẹ́ ká gòkè, kò túmọ̀ sí ó dáa; ìkúùkù lórí àyà túmọ̀ sí afẹ́fẹ́ mi ti kéré; ọwọ́ tó ń gé ọ̀nà ọ̀fun túmọ̀ sí mi ò ní afẹ́fẹ́ mọ́. Ibi tí amọ̀nà bá ti lo gbogbo àlàyé rẹ̀ lórí ìjàpá òkun tí ẹ máa rí, ẹ fúnra yín ni kí ẹ bi í ní ìyókù.

Sísọ̀kalẹ̀ ni ìṣòro ẹni tuntun pọ̀ sí jù. Mítà 10 àkọ́kọ́ ló ń sọ afẹ́fẹ́ inú etí di ìdajì, torí náà ibẹ̀ ni etí ti ń dùn ún jù. Kí ẹsẹ̀ ṣíwájú, kí ẹ di okùn mú bí okùn bá wà, kí ẹ fún imú pa, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i jẹ́jẹ́ ní mítà kọ̀ọ̀kan kí etí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Bí kò bá là, ẹ gòkè mítà kan kí ẹ tún un gbìyànjú. Ẹ má fi agbára fẹ́ ẹ láé. Amọ̀nà tó bá ti sáré dé ìsàlẹ̀ tó ń ṣẹ́wọ́ pe ẹni tí etí ń dùn kò mọṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò afẹ́fẹ́, torí ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìdí tí a kò fi ń wá ìjìnlẹ̀. Rẹ́gúlétọ̀ tí Cousteau àti Gagnan ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1943, àti gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e, ń fún yín ní afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ bá ti omi tó yí yín ká dọ́gba. Bar kan ni lójú omi, omi mítà 10 kọ̀ọ̀kan sì ń fi bar kan kún un. Sílíńdà lítà 11 tó kún dé 200 bar ní nǹkan bíi lítà 2,200 nínú. Bí ẹ bá yọ 50 bar sílẹ̀ fún ààbò, ó ku 1,650. Ẹni tó ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lójú omi á mí 40 ní mítà 10, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á tó ìṣẹ́jú 41. Ní mítà 20, ìṣẹ́jú 27 ni. Ní mítà 30, 20 péré ni, a kò sì tíì yọ ti àkókò tí ó máa fi gòkè. Tábìlì PADI fúnra rẹ̀, tó ń sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ lè lò ní ìjìnlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò gbà ju ìṣẹ́jú 20 lọ ní mítà 30, nígbà tí ó gba 56 ní mítà 18. Láti nǹkan bíi mítà 30 lọ sísàlẹ̀, náítírójìn ti lè máa pa ènìyàn bí ọtí. Àwọ̀ pupa sì ti kú láàárín mítà 10 àkọ́kọ́. Nísàlẹ̀ tó jìn, búlúù àti eérú ni ọ̀pọ̀ nǹkan bí ẹ kò bá mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, tí iyùn ti ní àwọ̀, tí àkókò sì ti gùn, kò jìn.

Amọ̀nà tó dára ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ó ń dúró níbi ihò kan, ó ń tàn ìmọ́lẹ̀ sí i, ó ń yí padà kí ó ka gbogbo yín, ó sì ń bi yín ní iye bar kí ẹ tó sọ fún un. Èyí tó ń lọ síwájú tí kò wẹ̀yìn ń fi owó yín ṣòfò. Ní tiyín, ẹ na ara gbọọrọ, ẹ ká ọwọ́ mọ́ra, ẹ mí sínú pẹ́, ẹ mí síta pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má dá èémí dúró rárá nísàlẹ̀ omi: láti mítà 10 dé ojú omi, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró á di ìlọ́po méjì, bí kò bá sì rí ọ̀nà jáde, ó lè ya ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ máa gòkè ní mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí jẹ́jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ máa tú afẹ́fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì bí ó ṣe ń fẹ̀. Ní mítà 5, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 3 kí náítírójìn tó wà lára lè máa jáde. Ibí yìí la ti ń mọ ẹni tí òjé rẹ̀ tọ́: kò di nǹkan mú, kò gbá ẹsẹ̀, ó kàn wà níbẹ̀.

Lójú omi, ẹ wo ọkọ̀. Ṣé àkàbà rẹ̀ lágbára? Ṣé ọ́síjìn, àpótí ìtọ́jú àti rédíò wà nínú rẹ̀, ṣé awakọ̀ sì mọ ibi tí wọ́n wà? Ṣé wọ́n pe orúkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù sì dáhùn, kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì? Ní oṣù kìíní ọdún 1998, ọkọ̀ kan kúrò ní Great Barrier Reef ní Australia, ó fi tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan sílẹ̀ sínú òkun. Ọjọ́ méjì kọjá kí wọ́n tó mọ̀, a kò sì rí wọn mọ́. Kíka orí nìkan kò tó, torí ẹnìkan lè rìn káàkiri kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìsinmi wákàtí kan ó kéré tán ló yẹ kó wà láàárín sílíńdà méjèèjì. Kí ẹ mu omi, kí ara yín gbẹ, kí ẹ móoru. Èkejì kò gbọ́dọ̀ jìn tó èkíní. Ṣọ́ọ̀bù tó bá fi ìṣẹ́jú 30 ṣe é kí ọkọ̀ lè tètè padà gbé àwọn ti ọ̀sán ń fi ara yín ṣòwò.

Nínú àwọn ohun tí wọ́n ń fi kún owó, nitrox ìdá 32, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún, wúlò fún ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, pàápàá láàárín mítà 18 sí 30, torí náítírójìn inú rẹ̀ kéré. Ẹ fi ẹ̀rọ wọn ọ́síjìn inú sílíńdà yín fúnra yín, ẹ má gbà kí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n fún yín, ẹ má sì kọjá nǹkan bíi mítà 33 pẹ̀lú rẹ̀. Kò fi kún iye afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹni tí sílíńdà rẹ̀ ń yára tán kò ní í jèrè rẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n máa yà yín lè dúró. Ẹni tuntun tó ń wo kámẹ́rà kò ní í wo géèjì.

Ẹ má wọ ọkọ̀ òfurufú kí wákàtí 18 tó kọjá lẹ́yìn sílíńdà méjì wọ̀nyí, torí náítírójìn ṣì wà lára yín. Bí oríkèé bá ń dùn yín, tí ara ń ta ṣíṣí, tàbí tó rẹ̀ yín ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ sọ fún wọn kíákíá, kí wọ́n fún yín ní ọ́síjìn, kí wọ́n sì pe dókítà.

Ìbéèrè kan ṣì kù kí ẹ tó sanwó. Ẹnikẹ́ni lè fòpin sí ìmòòkùn rẹ̀ nígbàkigbà láìṣàlàyé, lórí ọkọ̀ tàbí nínú omi. Ẹ bi wọ́n léèrè: bí mo bá ní mi ò wọ omi lẹ́ẹ̀kejì, kí lẹ máa ṣe sí owó mi? Ṣọ́ọ̀bù tó ní àwọn á dá apá kan padà, tàbí tó ní àwọn á sún sílíńdà kejì sí ọjọ́ mìíràn, ni kí ẹ bá lọ.